Ta Ni Yóò Ya Máàpù Nima?

Àwọn àgbà wa máa ń wí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tí ó dé sí ìlú lánàá lè rí òpópónà, ó lè rí ọjà, ó sì lè rí ilé alájà mẹ́rin; ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀nà àbùjá tí ó gba ẹ̀yìnkùlé dé ibi tí a ti ń pọn omi, kò mọ ojúlé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ gọ́tà tí a kì í sún mọ́ nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ọmọ ìlú ni ó mọ nǹkan wọ̀nyí. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá jù lọ ẹ̀yin olùkọ́, sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ kan tí ó kéré lójú ṣùgbọ́n tí ó tóbi nínú: kí olùkọ́ kó páálí, ọ̀dà, sítáàṣì àti àkísà fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, kí ó sì ní kí wọ́n fi ya máàpù àdúgbò tí wọ́n ń gbé.

Àdúgbò tí a mú ṣe àpẹẹrẹ ni Nima, ní ìlú Akra tí í ṣe olú-ìlú Gánà. A kò ṣèèṣì mú un. Ní agbègbè yìí ni ìbéèrè náà pé "Ta ni ọmọ ìlú, ta sì ni àlejò?" ti kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, níbẹ̀ kan náà sì ni àwọn ọ̀dọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà dáhùn ìbéèrè náà lára ògiri, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i.

ÌLÚ TÍ ÀWỌN ÀLEJÒ TẸ̀ DÓ

Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, pápá tí màlúù ti ń jẹko ni Nima, ẹ̀yìn ìlú Akra ni ó sì wà. Ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ ń pa ni pé ní nǹkan bí ọdún 1931 ni Malam Futa, ọmọ Fúlàní tí í ṣe onímàlúù àti onímọ̀ kéwú, gba ilẹ̀ níbẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Ga tí wọ́n ni ín. Orúkọ náà pàápàá ní ìtumọ̀ méjì lẹ́nu àwọn ènìyàn. Àwọn kan ní èdè Ga ni, pé ìlú ọba ni ó túmọ̀ sí. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni, pé ìbùkún ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kí ọmọdé tó mú pẹ́ńsùlù rárá, ẹ̀kọ́ kan ti wà nínú èyí: ibì kan ṣoṣo lè ní ìtàn méjì, kí àwọn méjèèjì sì máa gbé pọ̀ láìjà.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láti 1939 sí 1945, àgọ́ àwọn ọmọ ogun wà ní ìtòsí ibẹ̀, iṣẹ́ pọ̀, àwọn ènìyàn sì ń rọ́ dé. Àwọn Dagomba, Mamprusi àti Kusasi wá láti àríwá Gánà. Àwọn Mosi wá láti ilẹ̀ tí a ń pè ní Burkina Faso lónìí, àwọn Zabarma wá láti Niger, àwọn Kotokoli wá láti Togo, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Hausa, Fúlàní àti Yorùbá wá láti Nàìjíríà. Èdè Hausa ni gbogbo wọn fi ń ná ọjà. Irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní zongo, ọ̀rọ̀ Hausa tí ó túmọ̀ sí ibùdó àwọn oníṣòwò tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá.

Ní ti àwa Yorùbá, ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ wa ti wọ Akra. New Town tí ó bá Nima pààlà, Lagos Town ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀ rí. Títí di òní, alata samina ni orúkọ ọṣẹ dúdú ní Gánà, nítorí pé Alata ni orúkọ tí wọ́n fún àwọn ènìyàn tí wọ́n wá láti apá ọ̀dọ̀ wa. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ìgbòho àti Ṣakí ni àwọn ènìyàn wa ti gbé ọjà rù lọ sí gbogbo igun ilẹ̀ náà. Wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n sì sin òkú wọn síbẹ̀.

Nígbà tí ó di ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Abrefa Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ẹni tí a bí sí Gánà, tí kò mọ Ògbómọ̀ṣọ́ bí kò ṣe lórúkọ, ni ó di èrò ọkọ̀ lójijì. Nígbà tí ó sì di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Alhaji Shehu Shagari ní Nàìjíríà ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn. Ọmọ Gánà tí ó lé ní mílíọ̀nù kan ni ọ̀rọ̀ náà bá, wọ́n sì kó ẹrù wọn sínú àpò ọ̀rá alárànbarà tí a wá sọ ní Ghana Must Go. Àwa àti àwọn ará Gánà ti lé ara wa rí. Kò sí ẹni tí ó lè na ìka sí ẹnì kejì.

ẸNI TÍ Ó YA MÁÀPÙ NI Ó NI Ọ̀RỌ̀

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni lílé àlejò ní í ṣe pẹ̀lú páálí àti ọ̀dà. Ó ní í ṣe púpọ̀. Ààlà ni a fi ń mọ àlejò, orí máàpù ni a sì ti ń fa ààlà. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 1884 títí di ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 1885, àwọn aṣojú ìjọba òkèèrè jókòó ní Berlin láti ṣe òfin bí wọn yóò ṣe máa gba ilẹ̀ Áfíríkà, kò sì sí ọmọ Áfíríkà kan ṣoṣo láàárín wọn. Àwọn ìlà tí a fà lẹ́yìn ìpàdé náà ni ó pín ilẹ̀ Kétu sí méjì, tí ìlú Kétu fúnra rẹ̀ fi bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìmẹ̀kọ sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà kan náà ni ó sọ ọmọ ìyá kan di ará Benin, tí ó sì sọ èkejì di ará Nàìjíríà.

Ẹ wo Frederick Gordon Guggisberg, tí ó jẹ́ Gómìnà Gold Coast láti 1919 sí 1927. Kì í ṣe oyè gómìnà ni ó kọ́kọ́ gbé e dé ilẹ̀ náà. Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni ó bá dé ní 1902, ó di olórí àwọn awọnlẹ̀ níbẹ̀, ó sì tún ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní Gúúsù Nàìjíríà. Ọkùnrin yìí kan náà ni a kò lè ṣàì dárúkọ nígbà tí a bá ń sọ ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ ńlá Achimota, tí wọ́n ṣí ní 1927. Ó wọn ilẹ̀ kí ó tó ṣàkóso rẹ̀, ó sì kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ lé orí ilẹ̀ tí ó ti wọ̀n. Ó yé e pé ẹni tí ó ní máàpù lọ́wọ́ ti di ìlàjì ilẹ̀ mú.

Máàpù ayé tí ó wà lára ògiri ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa pàápàá kò sọ òtítọ́ délẹ̀. Gerardus Mercator ni ó ṣe irú rẹ̀ ní 1569 fún ìlò àwọn atukọ̀ òkun, ó sì wúlò fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ kan bá ti jìnnà sí àárín ayé tó ni máàpù náà ń fẹ̀ ẹ́ tó. Nítorí náà ni Greenland fi dà bí ẹgbẹ́ Áfíríkà lójú ọmọdé, bẹ́ẹ̀ Áfíríkà fi ìlọ́po mẹ́rìnlá tóbi jù ú lọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fi ọwọ́ sí ìpè pé kí a fi máàpù tí ó fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n rẹ̀ rọ́pò ti Mercator. Ọ̀kan lára irú máàpù bẹ́ẹ̀ ni Equal Earth, tí àwọn onímọ̀ ṣe jáde ní 2018.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí fún odidi Áfíríkà, kí ni a ó sọ nípa Nima? Òrùlé páànù tí ó fún mọ́ra ni ẹni tí ó ń ya máàpù láti òkè ń rí. Kò rí olórí àdúgbò, kò rí ẹni tí ó ń dín kóṣé ní ìdájí, kò rí ilé tí àwọn ẹlẹ́dàá èdè mẹ́fà ti ń lo kànga kan. Orúkọ tí àwọn ará ìta sì máa ń fún irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni ibi ìdọ̀tí àti ibi ìjàgídíjàgan. Ìjọba Gánà mọ̀ pé ìṣòro wà. Ní 2017 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ ìjọba kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn zongo, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di 2021, iléeṣẹ́ náà kò sí mọ́ gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́ tí ó dá dúró. Ohun tí ìjọba bá dá sílẹ̀, ìjọba lè tú u ká. Ohun tí ọmọ ìlú bá mọ̀ nípa ìlú rẹ̀, tí ó sì lè yà sílẹ̀ kí ẹlòmíràn rí i, kò sí ẹni tí ó lè tú u ká.

ÀWỌN TÍ Ó TI ṢÍ Ọ̀NÀ

A kò sọ ohun tí kò sí. Ní 2011 ni àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán kan ní Nima dá ẹgbẹ́ Nima Muhinmanchi Art sílẹ̀. Musah Swallah àti Rufai Zakari wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ Hausa ni muhinmanchi, ohun tí ó ṣe pàtàkì ni ó sì túmọ̀ sí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kun ògiri àdúgbò wọn ní àwòrán aláràbarà, wọ́n sì ń kó àwọn ọmọdé jọ láti fi ọ̀dà lé wọn lọ́wọ́. Ògiri tí ó ti di ibi tí a ń da omi ìdọ̀tí sí tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí àlejò ń dúró wò.

Rufai Zakari tí a dárúkọ yìí, Bawku ní àríwá Gánà ni wọ́n bí i sí, ilé-ẹ̀kọ́ ọnà Ghanatta ní Akra ni ó sì ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀rá tí wọ́n ti fi di oúnjẹ, tí àwọn ènìyàn jù sí títì, ni ó ń ṣà, tí ó ń gé, tí ó sì ń rán pọ̀ títí yóò fi di àwòrán ènìyàn, pàápàá àwòrán àwọn obìnrin. Ní La, létí òkun Akra, Serge Attukwei Clottey ń gé kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè sí wẹ́wẹ́, ó ń fi wáyà so wọ́n pọ̀ bí aṣọ, ó sì ti tẹ́ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sí ojú ọ̀nà àdúgbò rẹ̀ láti fi sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó ni ilẹ̀ àti ẹni tí ó ṣí wá. Kẹ́ẹ̀gì náà ní ìtàn tirẹ̀: Kufuor gallon ni àwọn ará Gánà sọ ọ́, nítorí ọ̀wọ́n omi ìgbà ìjọba Ààrẹ John Kufuor, láti 2001 sí 2009. Ta ni kò sì mọ El Anatsui, ọmọ Gánà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Nsukka ní 1975, tí ó ń fi ìdérí ìgò ọtí ṣe aṣọ ńláńlá, tí wọ́n sì fún ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní Venice ní 2015 fún iṣẹ́ gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀?

Iṣẹ́ àlẹ̀pọ̀ ni irú iṣẹ́ yìí, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní collage. Ní ilé-ẹ̀kọ́ òkè òkun, ohun tí wọ́n ń kọ́ni ni pé Picasso àti Braque ni wọ́n gbé e jáde ní Paris ní 1912. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní Paris. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí ẹ̀kú eégún rí, tí aṣọ oríṣiríṣi lé aṣọ lórí, tí ìran kan ń rán tirẹ̀ mọ́ èyí tí ìran tí ó ṣáájú fi sílẹ̀, mọ̀ pé iṣẹ́ àlẹ̀pọ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Bẹ́ẹ̀ ni yíya ìlú kì í ṣe àjèjì. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní àrà kan tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n ń tì bọ ẹ̀kọ láfún láti fi ya àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Gbọ̀ngàn náà parí ní 1929; kò pẹ́ kò jìnnà ni àwọn obìnrin ti gbé e wọ orí aṣọ. Wọn kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ awọnlẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ya ìlú wọn, wọ́n sì fún un ní orúkọ oríire.

BÍ OLÙKỌ́ YÓÒ TI ṢE É

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sínú kíláàsì. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni, kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sán kan.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, kí olùkọ́ má fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀dà. Kí ó pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́fà-mẹ́fà, kí àgbàlagbà kan tẹ̀lé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì rìn yí àdúgbò ilé-ẹ̀kọ́ ká láìkọjá títì ńlá. Ẹsẹ̀ ni òṣùwọ̀n wọn. Kí ọmọ kan rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, kí a fi tépù wọ̀n ọ́n. Bí ó bá jẹ́ mítà 6, tí ó sì ka ìṣísẹ̀ 250 láti ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ dé mọ́ṣáláṣí, a jẹ́ pé mítà 150 ni ọ̀nà náà. Bí kíláàsì bá wá fi ẹnu kò pé sẹ̀ǹtímítà kan lórí páálí yóò dúró fún mítà 10, sẹ̀ǹtímítà 15 ni ọ̀nà náà yóò gbà. Ọmọ tí ó ń sá fún ìṣirò lójoojúmọ́ yóò ṣe ìṣirò yìí láìmọ̀ pé ìṣirò ni òun ń ṣe.

Ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n wá ibi tí ayé kọjú sí. Ní Nima, èyí kò le rárá, nítorí pé ọmọ Mùsùlùmí ti mọ gábàsì láti ilé. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni àwọn Hausa ń lò, tí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá náà sì ń lò. Láti Akra, ìlà oòrùn tí ó fì díẹ̀ sí àríwá ni Mẹ́kà wà. Bí ọmọ bá na ọwọ́ sí ibi tí bàbá rẹ̀ ń dojú kọ kírun, tí ó sì tún wo ibi tí oòrùn ti yọ, yóò rí i pé àwọn méjèèjì kò fẹjú síra púpọ̀. Níbẹ̀ ni olùkọ́ yóò ti kọ́ wọn ní àríwá àti gúúsù. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n fi pẹ́ńsùlù ya ìlà àwọn ọ̀nà: Mamobi ní apá kan, New Town ní apá kan, Kanda ní apá kan, níbi tí Mọ́ṣáláṣí Àpapọ̀ tí wọ́n ṣí ní 2021 wà, tí Jubilee House tí Ààrẹ ti ń ṣiṣẹ́ kò sì jìnnà sí i. Ó yẹ kí ọmọ zongo fojú ara rẹ̀ rí i lórí páálí pé ilé òun àti ilé ìjọba sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni ti ọ̀dà. Páálí ẹrù tí a bẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́jà ti tó. Kí a kọ́kọ́ lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí bí a bá lẹ ìwé mọ́ apá kan ṣoṣo, yóò ká kò nígbà tí ó bá gbẹ. Bí owó ọ̀dà kò bá sí, ilẹ̀ pupa tí a kù, èédú tí a lọ̀, ẹfun, osùn àti ẹ̀lú kò tíì tán lórí ilẹ̀. Kí a pò wọ́n mọ́ sítáàṣì. Sítáàṣì náà sì rọrùn. A ó fi omi tútù po ìyẹ̀fun rẹ̀ títí kò fi ní ní kókó, a ó da omi gbígbóná tí ó ń hó lé e lórí díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń rò ó, títí yóò fi ki, tí funfun rẹ̀ yóò sì lọ. Kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ṣe ti omi gbígbóná. Nígbà tí ó bá tutù, òun náà ni a ó fi lẹ nǹkan.

Ọjọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún ni ti àlẹ̀pọ̀, níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù lọ. Kí gbogbo kíláàsì jókòó ṣe ìpàdé lórí ohun tí ohun kọ̀ọ̀kan yóò dúró fún. Ọ̀rá omi lè dúró fún ibi tí a ti ń pọn omi. Ègé aṣọ láti ọ̀dọ̀ télọ̀ lè di ọjà Nima, ojúlé aṣọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Inú bébà bísíkíìtì tí ń dán lè di òrùlé páànù, ìgbálẹ̀ lè di ọgbà, yanrìn lè di ọ̀nà tí a kò da ọ̀dà sí, ọ̀rá dúdú lè di gọ́tà ńlá. Kí wọ́n kọ àdéhùn yìí sí igun páálí kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè kà á. Àdéhùn yìí ni òfin máàpù náà. Àwọn ọmọdé ti ṣe òfin, wọ́n sì ti tẹ̀ lé e.

Ìjà yóò wà, kí olùkọ́ má bẹ̀rù rẹ̀. Ọmọ kan yóò ya ilé tiwọn sí àárín gbùngbùn, yóò sì fi tóbi ju Mọ́ṣáláṣí Àpapọ̀ lọ. Kí olùkọ́ má pa á rẹ́, kí ó sì má nà án. Kí ó bi kíláàsì pé: "Ǹjẹ́ òótọ́ ni máàpù yìí ń sọ?" Lẹ́yìn náà kí ó tọ́ka sí máàpù ayé tí ó wà lára ògiri, kí ó fi Greenland hàn wọ́n, kí ó sì tún ìbéèrè náà bi. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹni tí yóò lè fi máàpù tan àwọn ọmọ wọ̀nyẹn jẹ.

OKÙN PUPA

Apá kan kù tí ó gba ọgbọ́n. Nígbà tí máàpù àdúgbò bá parí, kí olùkọ́ gbé máàpù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ọmọ tí ó bá fẹ́ fa okùn pupa kan láti Nima lọ sí ibi tí òbí rẹ̀ àgbà ti wá. Okùn kan yóò lọ sí Bawku, ọ̀kan sí Ouagadougou, ọ̀kan sí Kano, ọ̀kan sí Sokodé. Bóyá ọ̀kan yóò sì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

A wí pé ọmọ tí ó bá fẹ́. Ìdílé mìíràn wà tí ìbẹ̀rù 1969 kò tíì kúrò nínú rẹ̀, tí àwọn òbí àgbà kò fẹ́ kí a mọ̀ pé ibòmíràn ni wọ́n ti wá. Ìdílé mìíràn wà tí kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó ti wá mọ́. Ẹlòmíràn, Ga pọ́ńbélé ni. Okùn tirẹ̀ kò ní jìnnà ju etí òkun lọ, kò sì gbọdọ̀ rò pé okùn òun kúrú ju ti ẹgbẹ́ òun lọ. Okùn pupa kì í ṣe ìwé ẹ̀sùn. Olùkọ́ tí kò bá lè ṣọ́ ẹnu kíláàsì rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má pe ẹnì kejì ní àlejò, kí ó fi apá yìí sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá lè ṣe é yóò rí ohun ńlá. Gbogbo okùn wọ̀nyẹn, ibi kan ṣoṣo ni wọ́n pàdé sí. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n odò kì í padà sí orísun. Ibi tí ó bá ṣàn dé ni ó ń bomi rin. Ọmọ tí ó mọ ibi tí okùn rẹ̀ ti wá, tí ó sì tún mọ iye ìṣísẹ̀ tí ó wà láti ilé rẹ̀ dé ojú ẹ̀rọ omi, kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé kò ní ibì kan láyé. Ó ní ibi méjì.

FÚN ÀWỌN TÍ Ó Ń KÙN

A mọ ohun tí àwọn òbí kan yóò sọ: "Ṣé kí ọmọ mi lè máa fi ọ̀rá ṣeré ni mo ṣe ń san owó?" A kò bá wọn jà, nítorí owó nira, ìdánwò sì ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ka ohun tí ó wà lórí páálí náà. Ìṣirò wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ wà níbẹ̀, ìtàn wà níbẹ̀, èdè wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwà ọmọ ìlú rere wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìjọba Gánà pàápàá ti fi iṣẹ́ ọnà àti ẹ̀kọ́ nípa àyíká ọmọ sínú ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, nítorí náà olùkọ́ kò ṣẹ̀ sí òfin kankan.

Ní ilẹ̀ wa, ìjà yìí kì í ṣe tuntun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá, àwọn Òyìnbó tí ó wà nídìí ètò ẹ̀kọ́ kò ka àwòrán yíyà sí ohun tí ó yẹ ọmọ Áfíríkà. Aina Onabolu, tí a bí ní 1882, kò gbà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Èkó ní àwòrán yíyà, ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ náà sí i ní London. Nítorí akitiyan rẹ̀ ni ìjọba fi gba Kenneth Murray síṣẹ́ ní 1927 láti wá kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà. Nígbà tí Onabolu fi ayé sílẹ̀ ní 1963, iṣẹ́ tí wọ́n ní kò yẹ wá ti di ẹ̀kọ́ ní yunifásítì wa. Olùkọ́ tí ó bá gbé páálí wọ kíláàsì lónìí, ipa ẹsẹ̀ bàbá náà ni ó ń tọ̀.

Ọ̀rọ̀ wa ìkẹyìn kan àwa tí a wà nílé. Ó rọrùn fún wa láti ka ọ̀rọ̀ Nima kí a sì mi orí nítorí ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ènìyàn wa ní 1969. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ní Sábó tirẹ̀, tí ó ti wà láti 1916, àwọn ọmọ tí a bí síbẹ̀ lónìí sì ń sọ Yorùbá bí ẹni fẹ́ràn jẹun. Bí olùkọ́ kan ní Ìbàdàn bá ní kí kíláàsì rẹ̀ ya máàpù ìlú, ǹjẹ́ Sábó yóò wà lórí rẹ̀, àbí òfìfo ni wọn yóò fi síbẹ̀? Ta ni yóò sì mú ọ̀dà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá dé igun yẹn? A fi ìbéèrè yìí sílẹ̀ fún ẹ̀yin olùkọ́. Páálí pọ̀ ní ọjà.